ELM327 Bluetooth: ẹ̀rọ kékeré tó ń tọ́ka sí ibi tí epo jíìpù àgbà ń gbà lọ

Bí jíìpù tó ti dàgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Ẹnì kan á ní kí ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ẹlòmíràn á ní sẹ́ńsọ̀ oxygen ni, ẹnì kẹta á ní kí ẹ fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì. Owó á máa jáde, epo ò ní dín. ELM327 tí a ń yẹ̀ wò níbí, ẹ̀rọ tó ń gbé ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kà wá sórí fóònù, kì í dín epo kù fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ohun tó yẹ kí ẹ rà àti ohun tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn, ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ju bí owó rẹ̀ ṣe kéré tó lọ.

Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí orúnkún awakọ̀, ẹ ó sì so ó mọ́ fóònù. Bó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí, 1234 tàbí 0000 ni. Áàpù Torque tàbí Car Scanner tó fún un lórí Android. Ẹni tó ń lo iPhone kó má ra oní-Bluetooth àtijọ́, kò ní so pọ̀; ti WiFi tàbí ti Bluetooth BLE ni kó rà.

Ilé iṣẹ́ ELM Electronics ní Kánádà ló ṣe ojúlówó chip inú rẹ̀, àmọ́ àdàkọ ni èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ. Àdàkọ sì ju àdàkọ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ v2.1 sí lára kì í gbọ́ gbogbo àṣẹ, wọ́n sì máa ń já kúrò lórí fóònù láàárín iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ v1.5 sí lára sábà máa ń sàn jù. Ẹ dán an wò níwájú ẹni tó tà á: kí áàpù gbé nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún wá lẹ́ẹ̀kan náà, láìdákú, fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ẹ tó rà á rárá, ẹ wo ọjọ́ orí ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 á dá a lóhùn. Ti Yúróòpù, 2001 ni fún oní-pẹtiróò, 2004 fún oní-dísùù. Àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn ní àwọn ọdún 1990 ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 yìí, síbẹ̀ èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ. Oní-dísùù àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kò ní nǹkan kan tí ẹ̀rọ yìí lè kà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni coolant temperature (bí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó), nítorí òun ló ń jẹ epo jù láìtan iná check engine nígbà mìíràn. Láàárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà rẹ̀ àti ti intake air temperature (bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó) yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ti ju 5°C lọ dáadáa, ọ̀kan nínú sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń parọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Thermostat (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná) ọ̀pọ̀ jíìpù máa ń ṣí ní nǹkan bí 82°C, nítorí náà nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ gòkè dé ibẹ̀, kó sì dúró láàárín 82 sí 95. Bó bá ń yí ká 65, tó tún ń lọ sílẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ lu rédíétọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, thermostat ti há ní ṣíṣí, tàbí kí mẹkáníìkì kan ti yọ ọ́ sọnù kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, á rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á máa da epo kún un. Gíà ọ̀tọmátíìkì pẹ̀lú kò ní fẹ́ wọ gíà òkè tàbí kó ti torque converter rẹ̀ (ohun tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíà) pa. Ọ̀nà méjì nìyẹn tí epo ń gbà lọ nítorí irin kékeré kan. Bí ẹ bá ń fi tuntun sí i, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò, kí pín-ìnnì kékeré tó ń mì lára rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tán nínú rédíétọ̀.

Èkejì ni fuel trim, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ yìí ti jẹ́ owó rẹ̀ gan-an. Brain box máa ń fi afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣírò epo tó yẹ. Sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lójú ọ̀nà èéfín á sọ fún un bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, òun náà á sì fi kún un tàbí kó yọ díẹ̀. Ìṣirò tó ń fi kún tàbí tó ń yọ yìí ni fuel trim. Short term ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Long term ni èyí tó ti di àṣà rẹ̀. Láàárín −10% sí +10%, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: lórí sìlóò (ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ pẹ́dáàlì), lẹ́yìn náà ní 2,500 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Bó bá jẹ́ +18% lórí sìlóò tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo ní 2,500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ MAF (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé): rọ́bà vacuum tó ti là tàbí gáskẹ́ẹ̀tì intake, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà lórí sìlóò kéré, ni ihò kékeré ṣe ń hàn níbẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ihò náà kò já mọ́ nǹkan. Bó bá dára lórí sìlóò tó wá ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ pẹ́dáàlì, MAF ti dọ̀tí tàbí pọ́ǹpù epo ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fọ MAF, nítorí kò náni ní nǹkan: ẹ yọ ọ́, ẹ fọ́n sípíréè tí wọ́n ṣe fún MAF sí i nígbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ kan wáyà inú rẹ̀, kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo carb cleaner tàbí brake cleaner.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: +18% kò fi dandan sọ pé ọkọ̀ ń ṣòfò epo, torí brain box lè wulẹ̀ máa dá a padà sí bó ṣe yẹ ni. Òfò gidi ni kí sàlẹ́ńsà máa jò níwájú sẹ́ńsọ̀ oxygen. Afẹ́fẹ́ òde á wọ ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á ní epo kò tó, brain box á da púpọ̀ sí i fún ẹ́ńjìnnì tí kò nílò rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i láàárọ̀ kùtù nígbà tí irin tutù. Ó máa ń dún tì-tì-tì. Ẹ́ńjìnnì tó bá sì wà ní −12% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ rọ́bà vacuum lára fuel pressure regulator (ohun tó ń ṣàkóso agbára tí epo fi ń lọ), níbi tó bá wà. Bí epo bá wà nínú rọ́bà náà, regulator ti ya. Bí kò bá sí, ẹ wá nọ́sù tó ń jò.

Ẹ̀rọ náà tún ń fi iyára àti rpm hàn pa pọ̀. Ẹ wà á ní 90 km/h láìdẹ̀ ẹsẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ òsì kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn. Rpm yẹ kó fò sókè díẹ̀, torí torque converter ti tú sílẹ̀. Bí kò bá yí padà, kò tì pa rárá. Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan gíà, ẹ wo iná bíréèkì ẹ̀yìn: síwíìṣì tó há, tí iná kò fi kú, ń dènà títì yẹn.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Kì í rí bíréèkì tó há, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń mú jíìpù wúwo. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i, tàbí kí ẹ súnmọ́ ríìmù lẹ́yìn ìrìn-àjò: èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ni kí ẹ tú. Kì í sọ bóyá 4H (gíà tó ń mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́) há, kì í ka afẹ́fẹ́ táyà. Ó sì ń fa iná bátìrì kódà nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ yọ ọ́ bí ọkọ̀ bá fẹ́ dúró ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ má fi í pe èkejì tó jọ ọ́, èyí tí wọ́n ń tà pé ó ń dín epo kù kìkì bí ẹ bá ti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà. Iná tó ń ṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò àyíká, ti yẹ irinṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń dín epo kù tó ju 100 lọ wò, kò sì rí èyíkéyìí tó dín in kù lọ́nà tó ṣe gúnmọ́.

Iye lítà tí áàpù ń sọ, ẹ má fi ṣe ìdíwọ̀n. Ẹ kún táńkì títí nọ́sù ilé epo á fi dáwọ́ dúró, ẹ rìn tó 300 km, ẹ tún un kún, kí ẹ pín lítà sí kìlómítà, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ táyà 265/70R16 sí 285/75R16, aago dáṣíbọ́ọ̀dù ń purọ́: níbi tó bá ti kọ 100, nǹkan bíi 107 km ni ọkọ̀ rìn, ẹ fi í kún ìṣirò.