Tẹlifóònù Àfìkayí àbí Oníbọ́tìnì Lórí Ìlà Tuntun ní Bìrìtéènì

Níwọ̀n bí wọ́n ti fẹ́ pa ìlà tẹlifóònù onírin bàbà ní Bìrìtéènì ní oṣù Kínní ọdún 2027, tí ìpè yóò sì máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá kí àwọn tọ́jú tẹlifóònù tí a ń fi ìka yí, tàbí kí àwọn ra oníbọ́tìnì.

Àfìkayí máa ń gé iná orí wáyà ní iye ìgbà tí nọ́ńbà jẹ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún 5, ẹ̀ẹ̀mẹwàá fún 0. Oníbọ́tìnì ní tirẹ̀ ń fi ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìlà tuntun, ara ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé, ni a ń so tẹlifóònù mọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà ni kò mọ ìgé yẹn, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ fi àfìkayí pe ènìyàn ní láti ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò sọ ìgé náà di ìró, owó èyí sì sábà máa ń ju ti oníbọ́tìnì lásán lọ. Agogo inú àfìkayí pàápàá lè má dún bí agbára ráútà kò bá tó o.

Ní ti àlòpẹ́, oníbọ́tìnì olówó pọ́ọ́kú kò lè bá àfìkayí dù ú rárá. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìpè níbi tí a pè bá ní kí a tẹ 1 tàbí àmì #, àfìkayí tí kò ní ẹ̀rọ yẹn kò lè lọ síwájú.

Bí iná bá lọ, àwọn méjèèjì ni yóò dákẹ́, àfi bí bátìrì bá gbé ráútà ró.

Ẹni tí ó ń gba ìpè ju bí ó ti ń pè lọ lè tọ́jú àfìkayí. Àgbàlagbà tí ó ń dá gbé, tí ó sì ń pe ilé ìwòsàn lóòrè-kóòrè, oníbọ́tìnì ni ó bá a mu.