Láíbìrì Kenneth Dike ní Ìbàdàn: ẹ mú tépù lọ

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé, àwa ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹni tó bá ń gbèrò àtikọ́ gbọ̀ngàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà tàbí ní Ìsánlú, kó lọ wo ògiri láíbìrì yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó pe bíríkìlà.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtìyàwó ayàwòrán-ilé láti Ìlú Ọba, ló ya ilé náà, ọdún 1954 sì ni wọ́n ṣí i. Ẹ̀rọ amúlétutù kò tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn, ilé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá bí yóò ṣe tutù. Wọ́n to kọnkéré oníhò sí iwájú, ó rí bí aṣọ òfì oníhò tí wọ́n ta bo ojú ilé. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí oòrùn ń pa, kí ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí òjìji wà. Ọwọ́ yín á sọ ìyókù fún yín. Kọnkéré náà nípọn, nítorí náà oòrùn ọ̀sán tó wà lókè ń forí sọ ara ihò, kò ráàyè wọ yàrá, àmọ́ atẹ́gùn ń kọjá ní tirẹ̀. Èyí tó bá wọlé níhìn-ín gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde lọ́hùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò lásán ni. Ìwé pàápàá ń jẹ àǹfààní rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ olómi tó dúró sójú kan ló ń mú kí ìwé bu.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú tépù nìyí: ẹ wọn fífẹ̀ ihò, kí ẹ wọn bí kọnkéré ṣe nípọn tó. Bí ihò bá fẹ̀ tí bulọ́ọ̀kù sì fẹ́lẹ́, oòrùn á wọlé. Bó bá kéré jù, atẹ́gùn á kú síta. Irú ògiri báyìí ní wàhálà tirẹ̀ o: ọyẹ́ ń gba ihò kó eruku wọlé, òjò tó bá ń fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á ta sínú, alántakùn ò sì ní jẹ́ kí ìgbálẹ̀ sinmi. Ẹni tó bá wá fi gíláàsì dí ihò nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ọjọ́ tí iná bá lọ ni yóò mọ ohun tó ṣe.

Ará Ẹ̀gbẹ́ àti Ìsánlú, ẹ gba Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, kí ẹ sọ̀ ní Òjòó. Gééti yunifásítì ò jìnnà síbẹ̀ mọ́. Ará Kàbà tó bá gba Èkìtì àti Ifẹ̀ á já sí Ìwó Road, kó wọ takisí máíkírà lọ sí Òjòó. Ẹ sun Ìbàdàn mọ́jú, kí ẹ lè débẹ̀ láàárọ̀.

Bí ẹ kì í bá ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀, ẹ mú lẹ́tà ìfihàn àti káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Inú ilé, ẹ pa fláàṣì.

Ìwé nípa ilẹ̀ wa ńkọ́? Láti 1950 ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Nàìjíríà sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè apá Africana, níbi tí ìwé nípa Áfíríkà wà. Ẹ má wá “Okun” nìkan, torí àwọn tó kọ ìwé àtijọ́ kì í sábà pè wá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá “Yagba”, “Bunu”, “Kabba”, “Northern Yoruba”. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé sílẹ̀ pátá kí ẹ tó lọ bá òṣìṣẹ́, ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kì í ṣe bírò.

Ilé àkójọ ìwé ìjọba tún wà nínú ọgbà kan náà, ọ̀pọ̀ ará wa ló sì ń rò pé ibẹ̀ ni fáìlì àwọn D.O. àtijọ́, ìyẹn àwọn alákòóso àgbègbè láyé òyìnbó, wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ Àríwá ni Kabba Province wà láyé òyìnbó, Kàdúná ni ẹ ó ti wá fáìlì rẹ̀.