Ìkìlọ̀: ẹnu dùn ún ròfọ́ ni fídíò ilé ìdáná tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín láti Ifẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kánádà, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń wá fúláàtì sí Ilé-Ifẹ̀ fún ìyá yín tàbí fún ara yín, àwọn oní-gbájú-ẹ̀ ti mọ ohun tó ń wọ̀ yín lójú. Wọ́n mọ̀ pé ilé ìdáná lẹ kọ́kọ́ ń bèèrè. Ìdí nìyẹn tí fídíò wọn kì í fi í kúrò níbẹ̀: kábínẹ́ẹ̀tì funfun, síǹkì oníhò méjì, òkúta dúdú tó ń dán. Ẹ ò ní rí géètì, ẹ ò ní rí ojú títì. Nígbà mìíràn, Lẹ́kí l'Ékòó ni ilé ọ̀hún wà, wọ́n kàn ní Parakin n'Ifẹ̀ ni.

Mítà iná ló máa ń tètè tú wọn fó. Ẹ ní kí ajẹ́ńtì fi mítà ilé náà hàn yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wọ áàpù báǹkì yín ti Nàìjíríà, ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra iná IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná n'Ifẹ̀, kí ẹ tẹ nọ́ńbà náà sí i. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, orúkọ tó wà lórí mítà á jáde. Àwọn áàpù kan á gbé àdírẹ́sì jáde pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ló gbé jáde, ọ̀rọ̀ parí. Orúkọ lè jẹ́ ti bàbá onílé tó ti dolóògbé o, ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn, àmọ́ ẹ bèèrè bí ẹni tó fẹ́ gbowó ṣe tan mọ́ ọn.

Ẹ má gba fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀. Ẹ pe fídíò lọ́sàn-án, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ mọ̀, bóyá Mayfair tàbí Lagere, kí wọ́n máa bọ̀ títí wọ inú ọgbà láì pa fóònù, ì báà jẹ́ ọ̀kadà ni wọ́n gùn.

Tí wọ́n bá dé ilé ìdáná, ibẹ̀ ni kí ẹ ti rọra. Kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi, kó máa ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Àwọn ilé kan wà tí ẹ̀rọ wà lórí síǹkì, tí páìpù kò dé ìdí táńkì. Gbogbo dídán yẹn, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ ó ti máa bu omi. Kí omi ṣì máa ṣàn, kí wọ́n ṣí kábínẹ́ẹ̀tì abẹ́ síǹkì, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ pákó. MDF ni wọ́n sábà ń lò torí pé ó dínwó, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ sì ni. Tómi bá ti ń kán sí i, á wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì, kò ní lè di ìṣó mú mọ́, ìlẹ̀kùn á sì yẹ̀. Ọ̀dà tuntun máa ń bo iwájú. Wọn kì í rántí ìsàlẹ̀.

Òkúta dúdú yẹn ńkọ́? Kí kámẹ́rà sún mọ́ etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Granite gidi, bí ojú rẹ̀ ṣe rí náà ni etí tí wọ́n gé ṣe rí. Bébà onígọ́ọ̀mù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó á ti ṣí níbi igun, ìkòkò gbígbóná kan ṣoṣo sì ti tó láti bà á jẹ́.

Ẹ bèèrè ibi tí sìlíńdà gáàsì ń gbé. Ìta ló dáa jù, kí páìpù gba ara ògiri wọlé. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rà sí tó bá ń jò, nítorí náà fèrèsé gíga kan ṣoṣo kò tó.

Ìjà tó burú jù ni ti kábínẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ti ayálégbé tó ń kó lọ. Ẹ sanwó tán, ẹ dé, ojú ìṣó lẹ bá lára ògiri. Tí àgírímẹ́ǹtì bá kàn sọ pé "fúláàtì oníyàrá méjì", kí lẹ fẹ́ fi hàn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye kábínẹ́ẹ̀tì òkè àti tìsàlẹ̀ sínú rẹ̀, àti síǹkì, kí onílé buwọ́ lu fọ́tò wọn.

Ajẹ́ńtì sábà ń gba ìdá 10 nínú 100 owó ilé, àgírímẹ́ǹtì náà ìdá 10. Owó ilé gan-an, àkáǹtì onílé ni kó lọ. Ẹni tó bá ní ẹlòmíràn fẹ́ sanwó lónìí, kẹ́ ẹ tètè fi ìdajì ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà gbà á.

Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè bá báǹkì tó gbowó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kó o jáde, kí ẹ sì kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọlọ́pàá tàbí EFCC. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ orí WhatsApp rẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ajẹ́ńtì mọ̀ pé ẹ ti fura. Ẹ máa kí i lọ bí ẹni tó ń bọ̀ wá kó ẹrù wọlé ní Sátidé.