Sẹ́ńsọ̀ tó ń fi iná wo ọ́ìlì ẹ̀rọ: bó ṣe rí fún wa ní ẹbu epo wa lọ́nà Ìdànrè

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ haidirọ́líìkì, ìyẹn èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì ṣiṣẹ́, tí omi, ooru àti eruku sì ń bá a jà lójoojúmọ́, ẹ ra sẹ́ńsọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ oní-díísù nìkan lẹ ní, ẹ fi owó yín ra ojúlówó ọ́ìlì àti fílítà. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn lẹ́yìn tí mo ti lò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí di àárín òjò.

Ẹbu epo wa kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Láti oko Ìdànrè ni ọ̀pọ̀ ẹyìn wa ti ń wọlé, nígbà mìíràn láti ọ̀nà Òkìtìpupa. Haidirọ́líìkì la fi ń fún un, ọ́ìlì VG 46 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ló sì wà nínú táǹkì rẹ̀. Ibi tí a ti ń se ẹyìn kò jìnnà sí ẹ̀rọ náà, ooru omi ló máa ń bo gbogbo agbègbè ibẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá bàjẹ́, Ládípọ̀ l'Ékòó la ó ti lọ wá òmíràn, ẹyìn kò sì ní dúró dè wá: èyí tí a kò bá tètè sè, epo rẹ̀ á kan, iye tí oníbàárà fẹ́ san á sì wálẹ̀. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ náà kéré, ó ní ẹnu tó rí bíi ti bóòtì tí a fi ń yí i mọ́ ara táǹkì. Àlàfo tóóró kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Iná LED funfun wà lápá kan àlàfo náà, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà lódìkejì. Ojú yìí á wo iye pupa, iye àwọ̀ ewé àti iye búlúù tó la ọ́ìlì kọjá, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sínú àpótí kan tó ń gbé e sórí fóònù mi.

Ọ́ìlì tuntun ń jẹ́ kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Bí ooru àti afẹ́fẹ́ bá ti ń mú un gbó, búlúù ló kọ́kọ́ ń dínkù, torí ọ́ìlì náà á máa pọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dúdú. Ooru ò ṣeé fojú di níbí: bó bá fi nǹkan bí 10°C ga sí i, ìyára tí ọ́ìlì fi ń gbó máa ń di ìlọ́po méjì. Ti omi yàtọ̀. Bó bá ti pọ̀ ju èyí tí ọ́ìlì lè gbé mì, ọ́ìlì á máa funfun bí omi ògì, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì jọ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀rọ yìí nìyí. Kì í kàn pariwo pé nǹkan ti bàjẹ́, ó ń jẹ́ kí n mọ irú ìbàjẹ́ tó jẹ́.

A rí i gbangba nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já wálẹ̀. Bàbá tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe fa géèjì yọ, wọ́n fi ìka pa ọ́ìlì náà wò, wọ́n ní, “Ọ̀gá mi, ọ́ìlì yìí ṣì ń yọ̀ dáadáa.” Lóòótọ́, lójú lásán, ó kàn ṣú díẹ̀ ni. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ta á sórí irin.” A gbé irin pẹlẹbẹ kan ka iná títí ó fi gbóná, a sì kán ọ́ìlì tuntun sí i. Ó tàn kálẹ̀ jẹ́ẹ́, ó rú èéfín díẹ̀. A wá kán èyí tí a bù láti ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó ta pàrà-pàrà, ó ń fọ́n ká bí wọ́n ṣe ń wò ó. Bàbá ní, “Omi mà ni o.” Ìdérí tí táǹkì fi ń mí ló ti sán, omi sì ń kán sí i láti ara páànù. A tú ọ́ìlì yẹn dànù, a pààrọ̀ fílítà àti ìdérí náà. Pọ́ǹpù ò fara pa rárá. Láti ìgbà yẹn, Bàbá fúnra wọn ló máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni fóònù wí.

Àmọ́ ó ní àléébù, èyí tó sì bí mi nínú jù ni ti ẹni tí olùtajà rán wá fi í sí i. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ́ìlì ti ń tú padà sínú táǹkì ló fi í sí, níbi tí ìfófòó pọ̀ sí jù. Ìmọ́lẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfófòó afẹ́fẹ́ àti ìdọ̀tí, torí náà gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ ni fóònù ń dún. Mo pè é títí, kò padà wá. Ìgbà tí Bàbá gbé e lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ti rọlẹ̀, ni ariwo dópin. Ìdọ̀tí náà tún máa ń bo gíláàsì ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ ó máa yọ ọ́ fi aṣọ rírọ̀ nù. Ní ti iná, ẹ má gbé e lé iná ìjọba ní tààrà. Bátìrì 12V méjì tí a so pọ̀ ló ń fún tiwa ní 24V tó ń jẹ, a sì bọ́ lọ́wọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ tún mọ ohun tí kò lè rí. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ṣì ki tàbí ó ti ṣàn. Tiwa kò sì ń ka ẹyọ ìdọ̀tí. Àwọn tó ń ka á ń tẹ̀lé ìlànà àgbáyé ISO 4406, tó ń wo iye ìdọ̀tí tó tóbi ju máíkírómítà 4, 6 àti 14 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírómítà ló wà nínú mìlímítà kan) nínú mìlílítà ọ́ìlì kan, owó wọn sì ga gan-an. Ojú ènìyàn kì í rí irú ìdọ̀tí kékeré bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ pọ́ǹpù run.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, a gbìyànjú rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díísù máa ń dúdú láìpẹ́ tí a bá pààrọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe àmì pé ó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èédú èéfín mọ́ra kó má bàa lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnì. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ wa sì rí níbẹ̀ ni òkùnkùn biribiri. Àwọn kan wà tó ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kò lè rí, láti díwọ̀n èédú náà, ṣùgbọ́n èyí tí mo rà kò sí lára wọn. A ṣì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ bó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 250, a sì ń kán an sórí bébà funfun láti wo bí àárín ṣe dúdú tó.

Gíáàbọ́ọ̀sì ẹ̀rọ tó ń gún ẹyìn ni mo fẹ́ fi èkejì sí, torí ọ́ìlì tibẹ̀ ṣì mọ́ tó fún ìmọ́lẹ̀ láti là á kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó san kọ́bọ̀, olùtajà á kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n máa dè é mọ́ hàn mí, Bàbá á sì wà níbẹ̀.