Hollow Earth: mo bá Abe àti Roger sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀

Àbúrò mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ra ìwé yìí fún mi ní àlòkù, pọ́n-ùn mẹ́fà péré. Ó kì í sábẹ́ aṣọ nínú báàgì rẹ̀ wálé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ iwin, ẹ gba tiyín." Ìwé kọ́míìkì ni, àkójọ àkọ́kọ́ nínú B.P.R.D. (orúkọ àjọ inú ìtàn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ abàmì), tí Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 2003. Hollow Earth, ìtàn tí wọ́n fi sọ ìwé lórúkọ, ti kọ́kọ́ jáde ní ẹyọ mẹ́ta ní 2002. Mike Mignola, Christopher Golden àti Tom Sniegoski ló kọ ọ́, Ryan Sook ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kà á. Ti àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ mi rárá, torí pé kò sí iná lálẹ́ ọjọ́ náà, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á. Ẹ má dán an wò. Sook da òkùnkùn sójú ewé bí ẹni da epo. N kò mọ àpáta yàtọ̀ sí ẹ̀dá abàmì tó lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lójú fèrèsé, ni mo tó rí i pé ọgbọ́n ni gbogbo dúdú yẹn.

Ẹni tí kò ka Hellboy rí, ìtàn tí B.P.R.D. ti yọ jáde, lè ka èyí, àmọ́ yóò kọ́kọ́ dà bí àlejò tó wọlé bá ẹbí kan lẹ́yìn tí wọ́n ti jà tán. Hellboy fúnra rẹ̀, ẹ̀dá abàmì tó ń bá iwin jà, ti fi àjọ B.P.R.D. sílẹ̀, torí pé wọ́n gbé bọ́ǹbù sínú ara Roger, ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Abe Sapien, ọkùnrin ẹlẹ́ja, náà ń rò ó bóyá kí òun máa lọ. Liz Sherman ti lọ tipẹ́: ó wà lọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì, àwọn ẹlẹ́sìn tó ya ara wọn sọ́tọ̀, lórí òkè Ural ní Rọ́ṣíà, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó iná inú ara níjàánu, iná tó jó àwọn ará ilé rẹ̀ pa nígbà tó wà lọ́mọdé. Níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá abẹ́ ilẹ̀ ti yọ sí wọn, wọ́n pa àwọn mọ́ńkì, iná Liz sì dèrò ìsàlẹ̀. Abe, Roger àti Johann Kraus ló gbéra láti lọ wá a.

Johann yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Ará Jámánì ni, abókùúsọ̀rọ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ jáde lára níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, nígbà tí yóò fi padà, ara ti run. Wọ́n wá rán aṣọ kan fún un tí ẹ̀mí rẹ̀, tó ti dà bí èéfín, ń gbé inú rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, egúngún mà lèyí! Ẹ̀kú nìkan ló dì í mú, ẹ bọ́ ọ, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn mọ́ńkì, tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Johann ló yọ̀ǹda èéfín ara rẹ̀ fún òkú mọ́ńkì kan kó fi sọ̀rọ̀. Ojú ewé tó dùn jù nínú ìtàn náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Roger ló wá ń dunni. Ewé àti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi dá a, kì í ṣe obìnrin ló bí i, iná Liz ló sì jí i dìde, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí Liz lọ. Kò pariwo gbèsè yẹn. Ó kàn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣáá.

Ibi tí ìwé ti já mi kulẹ̀ ni ìsàlẹ̀ gan-an. Àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìran ẹrú tí àwọn ará Hyperborea ayé àtijọ́ fi sílẹ̀, ẹ̀rọ ogun àwọn ọ̀gá wọn ni wọ́n sì fẹ́ fi iná Liz jí. Ọ̀rọ̀ ńlá! Àmọ́ ọba wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìjà bẹ́, ó parí. Mo fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ sí i.

Ìtàn kúkúrú kan lẹ́yìn ìwé ló bá mi san gbèsè náà: Drums of the Dead, tí Brian McDonald kọ, tí Derek Thompson yà ní 1998. Ìlù ń dún lórí òkun Atlantic, àwọn tó ni ín ni ẹ̀mí àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà tó kú sómi. Abe ni wọ́n rán lọ. Ẹ rántí pé inú ìgò ńlá kan ní ilé ìwòsàn ní Washington ni wọ́n ti rí Abe, tòun ti bébà tí wọ́n kọ 14 April 1865 sí, ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún Abraham Lincoln. Ibẹ̀ ló ti jẹ́ Abe. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kéde òmìnira ẹrú ló wá ń rìn láàárín wọn nínú omi. Ìwé ò pe àkíyèsí wa sí i, ṣùgbọ́n mo pa ìwé dé fúngbà díẹ̀.

Ẹjọ́ kan ni mo ní. Ìlù náà ń dún, àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Ariwo tó ń bani lẹ́rù lásán ni wọ́n fi ṣe. Mo gbé ojú ewé náà lọ han bàbá onídùndún kan ládùúgbò wa. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó fi ìka tọ àwòrán náà, ó ní, "Ta ni wọ́n ń kì?"

Mo ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, bàbá. Ó dá ìwé padà fún mi.