Alhambra ti Granada àbí Mezquita ti Córdoba: èwo lẹ máa kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀?

Àwọn èèyàn tó ń múra àtilọ sí gúúsù Sípéènì máa ń bi mí pé nínú Alhambra, ààfin àtijọ́ àwọn ọba Mùsùlùmí ní Granada, àti Mezquita, mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó ti di kàtídírà ní Córdoba, èwo ló yẹ kí wọ́n náwó lé, torí mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pé wọ́n rẹwà, ẹ ti rí i nínú fọ́tò, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ ká jọ sọ dáadáa, torí òun ló gba owó lọ́wọ́ mi, òun náà ló dun màmá mi.

Ìgbà àkọ́kọ́, èmi àti màmá mi la jọ lọ láti Lọ́ńdọ̀nù, oṣù keje ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra, ó ti tán pátápátá lórí sáìtì tiwọn gan-an, ni mo bá lọ rà á lọ́wọ́ àwọn kan tó ń tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlọ́po méjì owó ẹ̀ ni wọ́n gbà, mo san án, mo ṣáà ti rí Alhambra lára ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mi ò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì Alhambra pé oríṣiríṣi. Èyí tí mo rà yẹn, ọgbà Generalife àti Alcazaba tó jẹ́ ibùdó ọmọ ogun nìkan ló wà fún. Ààfin gan-an, Palacios Nazaríes, níbi tí àgbàlá àwọn kìnnìún òkúta wà, kò sí níbẹ̀. A rìn nínú oòrùn dé ẹnu ọ̀nà, màmá mi tò sórí ìlà, sisí tó wà níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ lé tíkẹ́ẹ̀tì wa, iná pupa tàn, ó tún gbé e lé e, pupa náà ni, ló bá mirí, ó fi ìka han mí níbi tí wọ́n kọ Jardines sí, ìyẹn ọgbà. Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn lọ jókòó níbi òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún wọn.

Torí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó: Palacios Nazaríes gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ máa wọlé. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ kọjá aago yẹn, ó lè jẹ́ pé ẹ ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹnu ọ̀nà tó wà lápá Generalife jìnnà sí ààfin, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń tà á, ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pè yín nílé, kẹ́ ẹ sì mú un dání torí wọ́n máa wò ó. Oṣù méjì ṣáájú, ẹ ti rà á.

Ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Córdoba, ojú ẹsẹ̀ la ra tíkẹ́ẹ̀tì Mezquita lára ẹ̀rọ tó wà nínú àgbàlá igi ọsàn, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tá a lọ, láti Mọ́ńdè dé Sátidé, 8:30 sí 9:30 àárọ̀, ọ̀fẹ́ ni, la bá tún jí lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan bí ọdún 785 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òpó 856 ló kù níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó wá látinú ilé àtijọ́ àwọn ará Róòmù, wọn ò ga tó, ni wọ́n ṣe mọ ògiri tó tẹ̀ bí òṣùmàrè sórí wọn ní ìlọ́po méjì, pupa, funfun, pupa, funfun, kí òrùlé lè ga. Alhaja ni màmá mi, iwájú mihrab, kòtò inú ògiri tí àwọn Mùsùlùmí máa ń kọjú sí kírun, ni wọ́n dúró sí, wọ́n gbọ́wọ́ láyà. Ẹ má kírun níbẹ̀ o, wọn ò gbà, ṣọ́ọ̀ṣì ni láti 1236. Àwọn kan ń bínú sí kàtídírà tí wọ́n kọ́ sáàárín ẹ̀ láti 1523, àmọ́ ọmọ Áńgílíkà ni bàbá mi, a jókòó níbẹ̀ náà.

Ooru: Córdoba lè kọjá ìwọ̀n 40 lórí Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ lọ ní oṣù kẹrin tàbí ìkẹwàá. Ìrìn: orí òkè ni Alhambra, pẹrẹsẹ ni Córdoba. Láti Sevilla, tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin tó yára, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lẹ máa fi dé Córdoba.

Mo padà sí Granada nínú oṣù kọkànlá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Mi ò ní parọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ògiri yẹn ò láfiwé, kéwú tí mo kà ní kékeré jẹ́ kí n rí i kà níbi púpọ̀ pé kò sí aṣẹ́gun kan àyàfi Ọlọ́run. Mo fi fídíò WhatsApp han màmá mi ní àwọn kìnnìún méjèèjìlá tí wọ́n fi mábù gbẹ́, wọ́n ní, "Ṣé àwọn tá a torí ẹ̀ rìn nínú oòrùn nìyí? Wọ́n mà kéré o."

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ ìrìn yín tipẹ́, tẹ́sẹ̀ yín sì le, ẹ ra Alhambra, ó tó owó ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà lẹ mú dání, tàbí ètò yín ṣì ń yí padà, Córdoba ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Èmi ti ń wo owó ọkọ̀ fún oṣù kẹrin, màmá mi ní Córdoba làwọn ń lọ, aago mẹ́jọ àárọ̀ làwọn sì fẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà.