Grandstream UCM6301: bí òṣìṣẹ́ ṣe lè gbé fóònù ọ́fíìsì láti ilé

Ọ́fíìsì wà ní Marina, òṣìṣẹ́ ń gbé Ìkòròdú. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti dí afárá Third Mainland, ta ni yóò gbé fóònù oníbàárà? Ohun tí UCM6301 wà fún nìyẹn: ẹ̀rọ Grandstream tó ń pín ìpè ọ́fíìsì sí fóònù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan (PBX). Fóònù orí tábìlì àti áàpù Wave tó wà lórí fóònù òṣìṣẹ́ á jọ dún. Ojú FXO (ihò tí wọ́n ń ki láìnì wáyà bọ̀) kan péré ló ní, àmọ́ ìyẹn ò dun ni, torí láìnì wáyà ayé NITEL ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ l'Ékòó. SIP trunk, ìyẹn láìnì fóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, ló kù.

Ẹ̀rọ náà dáa. Bí wọ́n ṣe ń ṣí i síta ló ń kó bá èèyàn. Bí ẹni tó ń so ó bá ní òun fẹ́ ṣí port 5060 (ẹnu ọ̀nà tí ìpè SIP ń gbà) sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ má gbà rárá! Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á máa dán password wò lórí extension (nọ́ńbà fóònù inú ọ́fíìsì) 100, 101, títí lọ. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan ṣí, wọ́n á fi láìnì yín pe òkè òkun mọ́jú, ẹ̀yin lẹ ó san án. WireGuard ni kí ẹ lò, ìyẹn VPN: ọ̀nà àdáni tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ́fíìsì. Ó wà nínú router MikroTik tó ń lo RouterOS 7. Port UDP 51820 nìkan lẹ máa ṣí, kí ẹ sì fi keepalive (àmì tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà náà pa dé) sí ìṣẹ́jú-àáyá 25 lórí fóònù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ yí àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì kúrò ní 192.168.1.x sí nǹkan bíi 192.168.57.x. Router ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo ti àkọ́kọ́ yẹn. Bí méjèèjì bá jọra, inú ilé ni fóònù á ti máa wá UCM.

Ẹ tún wo àdírẹ́sì tí router gbà. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ̀yin àtàwọn mìíràn lẹ jọ ń lo àdírẹ́sì kan, ẹnikẹ́ni ò sì lè wọlé láti ìta. Ẹ bèèrè public IP (àdírẹ́sì tó jẹ́ tiyín nìkan) lọ́wọ́ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún yín, tàbí kí ẹ lo RemoteConnect ti Grandstream fúnra wọn, tó ń so áàpù mọ́ UCM.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹnìkejì tí òun ò gbọ́ yín, ẹ má tíì bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Port 5060 ni ìpè ń gbà, port 10000 sí 20000 ni ohùn ń gbà. Ẹ pa SIP ALG (ètò inú router tó ń tún ìpè SIP kọ), kí ẹ sì kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì VPN mọ́ àwọn ti abẹ́lé nínú ètò NAT (pípààrọ̀ àdírẹ́sì) lórí UCM.

Ọ̀rọ̀ dátà: G.711 àti G.729 ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di ohùn. Kí WireGuard tó fi tirẹ̀ kún un, wákàtí kan lórí G.711 ń jẹ nǹkan bíi 78MB, ti G.729 ń jẹ nǹkan bíi 28MB. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, ẹ gbé G.729 ṣáájú fún un.

UCM, switch àti router gbọ́dọ̀ jọ wà lórí inverter. Tí NEPA bá mú iná lọ ní Marina, tí router nìkan kú, áàpù tó wà n'Ìkòròdú ti dákẹ́ nìyẹn.